Ọmọ Onílé Kì í Kágò

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé kí ni mo lọ ṣe ní Japan, èmi tí n kì í fẹ́ kúrò ní Upney ní London níbí lọ sí Ilford tí òjò bá ń rọ̀. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń tajà ní Vicarage Field ló fẹ́ lọ wo òdòdó níbẹ̀. A ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tán kó tó yí ọkàn padà, ni mo bá dá lọ. Mo dá jẹun, mo dá wọ ọkọ̀ ojú irin, mo sì dá rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ṣìnà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó wà lọ́kàn mi gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ta ilé wa n'Ìjẹ̀bú. Ilé tí a sin yín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹ ti máa ń bó ọsàn, tí ẹ óò máa bá ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò jiyàn bí ẹni pé ó ń gbọ́ yín. Kò lè tà á láìjẹ́ pé mo gbà. Kí n tó rìnrìn àjò ló wá bá mi.

"Be realistic jàre. Dádì wà lọ́run, kì í ṣe inú sìmẹ́ńtì yẹn. Ta ló tiẹ̀ ń gbébẹ̀?"

Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀.

Ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Sakai, mo dé ibojì àtijọ́ kan tí wọ́n ní ọba ló wà níbẹ̀. Ó tóbi bí òkè. Igi ti bò ó, omi yí i ká, wọ́n sì fi ọgbà dí iwájú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í wọlé. Lódìkejì títì, àwọn èèyàn ń sá aṣọ wọn. Bàbá àgbàlagbà kan ń gbálẹ̀ iwájú ọgbà náà.

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, mo kágò fún onílé, mo sì ń retí pé kí ẹnì kan dáhùn pé àgò yà. Bàbá yẹn tẹrí ba fún mi, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ojú tì mí díẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí yín. Tí mo bá ti iléèwé dé, tí mo kágò lẹ́nu ọ̀nà, ẹ máa ń ṣe bí adití ni, títí n óò fi bínú wọlé. Ẹ̀rín yín ló máa pàdé mi. Ẹ ní àlejò ló ń kágò, ọmọ onílé kì í kágò.

Mo sunkún, Bàbá mi. Bí a bá ta ilé yẹn, ta ni n óò máa kágò fún kí n tó lè kí yín? Tí onílé tuntun bá ní òun ò mọ̀ mí rí ńkọ́?

Nígbà tí mo dé, n kò tíì tú báàgì mi tí mo fi wọ bọ́ọ̀sì lọ bá Ẹ̀gbọ́n mi nílé rẹ̀ ní Castle Green, mo sì sọ fún un pé n kò gbà. Mi ò mọ̀ bóyá mo ṣe é re. Ilé náà ń jò, kò sì sẹ́ni tó máa padà lọ gbébẹ̀ nínú àwa méjèèjì. Láti ọjọ́ náà kì í gbé fóònù mi mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, pẹ̀lú sùtánà funfun lọ́rùn àwa méjèèjì, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, kò wojú mi.

Àwa méjì péré lẹ bí. Màmá náà ti lọ. Nínú ilé wa, ẹ̀yin nìkan ló kù tí mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ọmọbìnrin yín tí àárò yín ń sọ,
Upney.