Kò sí ọmọ kankan tí iná rice cooker pa ní Ìbẹfun

"ÌKÌLỌ̀ FÚN GBOGBO AYÁLÉGBÉ. Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni tí mo bá ká rice cooker, hotplate tàbí kettle oníná mọ́ nínú yàrá, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ẹ rántí ọmọ tí iná pa ní Ìbẹfun." Bí ìyá onílé ọmọ mi ṣe kọ ọ́ nìyẹn, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì wọn ní Ìjagun. Ọmọ mi ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní Ọjọ́rú tó kọjá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta... Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ewé yìí, kò sí ọmọ kankan tí iná pa ní Ìbẹfun. Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láyé yìí, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń sọ fún.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, torí mi ò fẹ́ fi irọ́ mìíràn lé ti tẹ́lẹ̀. Opó ni mí, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà. Aṣọ iléèwé ni mò ń rán nílé mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún mi, obìnrin ni, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Bísọ́lá, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. JSS 2 ló wà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, láti ìgbà náà ló ti ku èmi àti ẹ̀ nìkan. Nígbà tó wọ yunifásítì, ọdún kan gbáko ló fi ń ti ilé lọ tó ń ti ilé bọ̀, kó tó di pé ó ní òun fẹ́ gba yàrá nítorí lecture àárọ̀ kùtùkùtù. Ìjagun tí iléèwé rẹ̀ wà kò jìnnà, ọ̀kadà kan ni láti ilé mi. Aládùúgbò mi kan tilẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ tó rí i pé mò ń sunkún, ó ní, "Ìyá Bísọ́lá, ṣé Kánádà ló lọ ni? Ṣebí tẹ́ ẹ bá lanu pè é láti ẹ̀yìnkùlé, á jẹ́ yín!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ilé tí èèyàn méjì ń gbé, tí ẹnì kan bá kúrò níbẹ̀... ẹni tó bá ti ṣe rí ló máa yé.

Gáàsì ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra rice cooker kékeré kan fún un, èyí tó ń gba ife ìrẹsì mẹ́ta, àti kettle oníná, àti blender tí kò ju ife omi lọ. Mo bá a lọ sí yàrá náà. Mo fi tépù ìránṣọ mi wọn ibi tí rice cooker máa wà sí ibi tí kọ́tìnì wà, ínṣì mẹ́rìnlélógún, mo ní kò gbọ́dọ̀ sún un kúrò níbẹ̀. Mo kọ òfin sórí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ sókè sọ́kẹ́ẹ̀tì, pé kó má ṣe ki kettle àti rice cooker bọ extension kan náà, kó má fi ọwọ́ tútù kan sọ́kẹ́ẹ̀tì, kó má jáde nínú yàrá nígbà tí nǹkan bá wà lórí iná. Èyí tó kẹ́yìn ni pé nígbàkígbà tó bá ń se oúnjẹ alẹ́, kó fi fídíò pè mí, kó fi hàn mí pé òun ti yọ wáyà kúrò lára ògiri kó tó jẹun. Ó ní, "Mummy, ṣé iléèwé ni mo wá àbí ẹ̀wọ̀n?" Ṣùgbọ́n ó gbà.

Bó ṣe di pé aago méje alẹ́ ni mò ń retí láti àárọ̀ nìyẹn. Bí mo bá ti kírun Mọ̀gàríbì tán, màá gbé fóònù mi ti agolo iyọ̀. Èmi náà ra rice cooker, irú tirẹ̀ gẹ́lẹ́, torí ìkòkò tí mo fi ń se oúnjẹ fún èèyàn mẹ́ta nígbà kan ti tóbi jù fún ẹnu kan. Ohun tó bá ń sè lèmi náà máa sè. Tó bá jẹ́ ìrẹsì, ife kan, omi ife kan àti ààbọ̀, òun níbẹ̀, èmi níbí. Á máa sọ ti lecturer tó ń fi imú sọ̀rọ̀ fún mi, èmi náà á sọ ti ìyá ọmọ kan tó ní kí n tú ìlẹ̀pa tí mo ṣẹ́ sí ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọmọ òun kó lè wọ̀ ọ́ fún ọdún mẹ́rin. Tí oúnjẹ bá jinná, ó di kó gbé kámẹ́rà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, èmi á ní ó dáa, a óò wá jọ jẹun. Ṣé kí n sọ òótọ́ fún yín? Kì í ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì ni mò ń wò.

Lọ́jọ́ kan ó se ìkọ́kọrẹ́. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú mọ̀ pé oúnjẹ wa ni, ṣùgbọ́n rice cooker kò mọ̀ ọ́n. Bí ewùrà tí a rin bá ti ki nísàlẹ̀ ìkòkò, ìdí rẹ̀ á gbóná lódì, bọ́tìnnì á ta sókè sí warm, inú rẹ̀ á sì wà ní tútù. Mo rí i nínú fóònù tí Bísọ́lá mú ṣíbí, tó ki ìdí rẹ̀ mọ́ bọ́tìnnì náà kó má lè ta sókè. Mo pariwo. Ó ní, "Mummy, gbogbo wa la ń ṣe é nínú ilé yìí." Mo ní gbogbo yín náà lẹ máa jóná nìyẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó wà níbẹ̀ kígbe pé "Mummy Panápaná!" wọ́n rẹ́rìn-ín, mo sì bínú, mo sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ lójú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó wá rọra dá mi lóhùn pé, "Mummy, ẹ má bínú, ẹni ogún ọdún ni mí. Mi ò ní máa fi sọ́kẹ́ẹ̀tì hàn yín mọ́." Kò gbaná jẹ, kò sọ̀rọ̀ ìwọ̀sí sí mi, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó dá a lójú. Ó ń pè mí láàárọ̀ láti kí mi, àmọ́ aago méje kò pè mọ́. Ọjọ́ mọ́kànlá. Búrẹ́dì ni mo jẹ jù nínú ọjọ́ mọ́kànlá yẹn, torí oúnjẹ sísè fún èmi nìkan ń ṣe mí bí ẹni ń dá ara rẹ̀ kí.

Ní ọjọ́ kejìlá, oníbàárà mi kan láti Ìmùsìn gbé ewùrà kan wá fún mi. Mo ní kí n se ìkọ́kọrẹ́, bóyá ara mi á yá. Rice cooker náà ta sí warm. Mo tẹ̀ ẹ́, ó tún ta. Ìgbà kẹta, ebi ń pa mí, mo bù ú tọ́ wò, àárín rẹ̀ ṣì tutù... Èmi tí mo fọwọ́ ara mi kọ òfin, èmi tí mo pariwo lé ọmọ mi lórí, mo mú ṣíbí, mo ki ìdí rẹ̀ mọ́ ọn. Mo tún jáde síwájú, mo ní kí n lọ parí ìlẹ̀pa aṣọ kan. Ìlẹ̀pa náà kò tíì dé ìdajì tí mo gbọ́ òórùn rọ́bà. Nígbà tí mo débẹ̀, orí wáyà ti yọ́ mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná ti mú ẹsẹ̀ kọ́tìnì. Mo sáré pa iná níbi mítà, mo fi ọwọ́ òsì já kọ́tìnì náà bọ́ sílẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ pa. Ọlọ́run ló yọ mí. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó, ògiri dúdú títí dé àjà. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń retí kí ẹnì kan béèrè pé kí ló ń jó nílé yín. Èèfín ń jáde lójú fèrèsé. Kò sẹ́ni tó béèrè.

Mo wá pe ọmọ mi. Mo fẹ́ sọ fún un pé iná jó mi lọ́wọ́, kó wá. Ó gbé e, mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Mummy mi, ṣé sọ́kẹ́ẹ̀tì tún ni?" Ẹ̀rín náà pọ̀ sí i. Ẹnu mi là, ohun tó sì jáde ni pé ọmọbìnrin kan ní Ìbẹfun, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀, ó ń dá gbé, ó fi ṣíbí ti bọ́tìnnì rice cooker... Ẹ̀rín náà dákẹ́. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé ìdáná mi ni mo sọ, òórùn rọ́bà, kọ́tìnì, ògiri, mi ò fi ẹyọ kan kún un, mo kàn gbé e fún ọmọ ẹlòmíràn ni. Bísọ́lá wá béèrè pé, "Mummy, ó kú?" Mo dákẹ́. Ó ka dídákẹ́ mi sí bẹ́ẹ̀ ni, mo gbọ́ tó bú sẹ́kún, mi ò sì sọ pé rárá. Kí ló dé tí mi ò sọ pé rárá? Mo ti bi ara mi títí.

Láti ọjọ́ kejì ló ti ń pè mí láago méje padà. Kì í ki ṣíbí mọ́ ọn mọ́. Mo ní kí wọ́n bá mi ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun, mo ra rice cooker mìíràn, mo ń gbé fóònù sí ibi tí ọwọ́ ọ̀tún mi nìkan ti ń hàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà dùn mọ́ mi.

Àmọ́ Bísọ́lá sọ fún ọmọ tó wà ní yàrá kejì, ìyẹn sọ fún ìyá onílé, ọmọ bíbí Ìbẹfun sì ni ìyá onílé. Bí ìkìlọ̀ yẹn ṣe jáde nìyẹn. Lánàá ọjọ́ Ajé, ìyá onílé wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, ó kó gbogbo ohun ìdáná oníná tì sínú stọ́ọ̀. Ọmọ yàrá kejì yẹn ní ọgbẹ́ inú, rice cooker ló fi ń se ògì láàárọ̀ kó tó lo oògùn, ní báyìí inú òfìfo ló fi ń lọ sí kíláàsì. Ọmọ mi ń fi gàrí sùn. Oúnjẹ kò sí lórí iná mọ́, nítorí náà kò sí ìdí tó fi máa pè mí láago méje. Irọ́ tí mo pa kó lè máa pè mí ló pa ìpè náà.

Èyí tó burú jù ló kù. Ìyá onílé ní ọmọ Ìbẹfun kì í gbọ́ ọ̀fọ̀ nílé kó má lọ kí wọn. Ó ti béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹbí rẹ̀, wọ́n ní àwọn kò gbọ́ nǹkan tó jọ ọ́, ó ní ó lè jẹ́ pé àwọn òbí rẹ̀ fi pamọ́ ni, torí a kì í pariwo òkú ọmọdé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí ló fẹ́ kó àwọn ọmọ tó ń gbé ilé rẹ̀ lọ sí Ìbẹfun. Ó ní kí Bísọ́lá béèrè orúkọ agbo ilé náà lọ́wọ́ mi. Ó béèrè, mo ní màá wádìí. Ọ̀kan nínú wọn sọ ọ́ sójú Bísọ́lá pé ìyá ẹ ló hun ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé, "Mo sọ fún un pé ìyá mi kì í parọ́. Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè bá wa rí orúkọ ilé yẹn." Mo ti gbọ́ ohùn yẹn tó ìgbà mẹ́sàn-án.

Bí mo bá jẹ́wọ́, ó máa mọ̀ pé mo parọ́ òkú mọ́ ọmọ tí kò sí, ó sì máa rí ọwọ́ mi. Mo mọ ọmọ mi. Ó máa ní mi ò lè dá gbé mọ́, ó máa fi yàrá náà sílẹ̀, á padà wá sílé nínú ọdún àṣekágbá rẹ̀. Ibì kan sì wà nínú mi tó ń fẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù, pé bóyá mo tún fẹ́ fi ọwọ́ tó jó yìí fà á padà. Ṣé kò ní jẹ́ pé tí mo bá ní irọ́ ni, wọ́n á tún padà sí ìdí ṣíbí? Iná náà kì í ṣe irọ́. Ẹni tó jó nìkan ni mo yí padà. Bí mi ò bá sì jẹ́wọ́, ní Àbámẹ́ta ọmọ mi máa fi ìborùn dúdú borí, á máa ti ilé dé ilé ní Ìbẹfun, á máa béèrè àwọn tí ọmọ wọn kú, nítorí pé ó gba ìyá rẹ̀ gbọ́.

Òní ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ, àti ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ fi ìyá yín sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́yà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Ta ni kí n kọ́kọ́ pè, ọmọ mi ni àbí ìyá onílé rẹ̀? Tó bá sì gbé fóònù, kí ni gbólóhùn àkọ́kọ́ tó yẹ kó jáde lẹ́nu mi?