"Wọ́n" Tí Ọmọ Mi Fi Pe Bàbá Inú Géèmù

Àǹtí Doyinsọ́lá, olóòtú ètò wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Aṣọ́bodè ni mí, Rumuigbo là ń gbé. Port Harcourt níbí la bí ọmọbìnrin mi sí; ẹ jẹ́ kí n pè é ní Àtọ́kẹ́. Pijin yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò mọ "ẹ" yàtọ̀ sí "o". "Daddy, ṣé o ti jẹun?" ló máa ń bi mí, níṣojú àlejò!

Ní Sátidé tó kọjá, ó ń gbá géèmù. Jagunjagun kan ń bá a rìn nínú rẹ̀, òun ló sì ń gbà á lọ́wọ́ ọ̀tá. Jagunjagun yìí ní kó já ọkọ̀ ojú omi gbà lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan. Àtọ́kẹ́ kọ̀. Ni jagunjagun bá fajú ro, ó ní òun ò bá a lọ mọ́.

Ọmọ mi pariwo mọ́ ọn: "If you like, vex! Àgbà ni wọ́n!"

Wọ́n! Àǹtí mi, orí mi wú. Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń kọ́ ọ!

Ó bá yíjú sí mi: "Daddy, kí lò ń wò?"

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i: ṣé kí n máa yọ̀ ni, àbí kí n máa jowú bàbá inú géèmù?