Mo Kúnlẹ̀ fún Rẹfirí

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Ìjìyà mi parí lónìí. Oṣù mẹ́fà gbáko ni ẹgbẹ́ tẹ́níìsì fi dá mi dúró sílé, nítorí rákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí mo là mọ́lẹ̀ l'Ábújá. Rákẹ́ẹ̀tì tèmi, owó tèmi. Ṣùgbọ́n ó ta, ó lọ balẹ̀ sínú abọ́ ìrẹsì alága ọjọ́ náà — ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti wọ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí, kò sì sẹ́ni tó ń pe Mọ́ṣádé mọ́ láìfi "oníbìínú" kún un.

Ẹni tó bá gba ife ìdíje kíláàbù níbí l'Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n máa mú lọ sí ìdíje ńlá t'Èkó, èyí tí àwọn òyìnbó ń bọ̀ wá gbá. Àyè kan péré. Wọ́n sì ti là á mọ́lẹ̀ fún mi lórí fóònù: bí mo bá tún fi ìbínú ju ohunkóhun, wọ́n á pa orúkọ mi rẹ́. Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn.

Ọjọ́rú, 3

Kóòṣì mi, Ọ̀gbẹ́ni George. Ọ̀gá Yìnyín ni mo ń pè é níbí, torí ó ní ọkàn eléré gbọ́dọ̀ tutù bíi yìnyín. Bí inú bá ń bí mi, kí n fa èémí símú, kí n tú u síta pẹ̀lẹ́, kí n máa wo okùn rákẹ́ẹ̀tì. Ó ń ṣàlàyé lọ́wọ́ ni ọlọ́kadà kan tẹ fèrè lẹ́yìn ògiri. Ó já ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ó jáde lọ bá a, ó bú u tìran-tìran. Nígbà tó padà dé, ó ń làágùn, ó ní, níbo la bá a dé?

Ọjọ́ Ẹtì, 5

Mo mí símú. Mo mí síta. Ó ṣì ń ṣe mí bíi kí n fọ́ nǹkan.

Ọjọ́ Àìkú, 7

Lẹ́yìn ìsìn, mo lọ kí Ìyá Àgbà n'Íbẹ̀fun. Ìkòkòrẹ́ ló ń sè. Mo ro ẹjọ́ mi fún un, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní èémí kọ́ loògùn ìbínú, ìkúnlẹ̀ ni.

"Ẹni tó wà lórí eékún ò lè ju nǹkan jìnnà."

Ó ní nígbàkigbà tí Bàbá Àgbà bá ṣẹ òun, òun á kúnlẹ̀ kí i ni, òun ò ní sọ nǹkan kan mọ́ ọn. Mo bi í pé ṣé ìyẹn wá tu baba lójú. Ó ní rárá o, ẹ̀rù òun ló ń bà á títí tó fi kú. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ ronú sí ìyẹn. Ìkòkòrẹ́ ni mo gbájú mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 11

Ìdíje bẹ̀rẹ̀. Ta ni mo rí lórí àga gíga rẹfirí? Ayọ̀tọ̀míwá, ọmọ tí ilé wọn kọjú sí tiwa. Ọmọ tí mo pọ̀n lọ sí Sọ́ńdè-sùkúù! Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ rẹfirí, ó dé fìlà funfun. Bọ́ọ̀lù mi balẹ̀ sínú ìlà gedegbe, ọmọ yìí ní ó jáde. Ẹ̀jẹ̀ mi hó. Mo rántí Ìyá Àgbà. Mo rọra gbé rákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, mo rìn lọ sídìí àga, mo fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà."

Ọlọ́run mọ̀ pé mi ò ro ti ọjọ́ orí rárá — ìbínú ni mo ń sá fún. Ṣùgbọ́n ta ni ò mọ̀ nílẹ̀ yìí pé ẹni tó jù ọ́ lọ kì í kúnlẹ̀ fún ọ lásán? Ìyá rẹ̀ káwọ́ lérí láàárín èrò. Ọmọ náà bẹ́ sílẹ̀ lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, fìlà yí lọ. Láti ìgbà tó ti padà gun àga, bọ́ọ̀lù mi tó bá ti sún mọ́ ìlà, ó ti wọlé nìyẹn. Mo borí.

Ọjọ́ Ẹtì, 12

Ìyá Ayọ̀tọ̀míwá ti dé kí n tó fọ ẹnu. Ó gbé gààrí wá. Ó bẹ̀ mí kí n ká ohun tí mo sọ lábẹ́lẹ̀ kúrò lórí ọmọ òun. Mo ní mi ò sọ nǹkan kan.

"Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, ọmọ mi."

Mo búra, kò gbà. Gààrí náà kan dáadáa.

Ọ̀gá Yìnyín ti ń sọ kiri kíláàbù pé ẹ̀kọ́ èémí òun ló ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13

Ó ku ayò kan kí n gba ife. Ayọ̀tọ̀míwá náà ni rẹfirí. Mo tún kúnlẹ̀ lónìí. Inú ò bí mi rárá.

Ọjọ́ Àìkú, 14

Àṣekágbá. Azeemah ni mo bá pàdé, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ọmọ àwọn tó ń ta aṣọ lọ́jà. Ọmọ jẹ́jẹ́, mi ò gbóhùn rẹ̀ rí lórí pápá. Ó mọ̀ ọ́n gbá jù mí lọ. Mo lè sọ ìyẹn níbí. A jọ fà á títí dé bọ́ọ̀lù tó máa parí ọ̀rọ̀. Mo gbá a — ó jáde. Kò kan ìlà rárá. Pápá sìmẹ́ńtì kì í gba àmì, ṣùgbọ́n mo rí i. Ayọ̀tọ̀míwá ò wo ìlà, eékún mi ló ń wò. Mo tẹ eékún díẹ̀ bí ẹni fẹ́ kúnlẹ̀. Ó wù mí kí n kọ ọ́ síbí pé okùn bàtà ni mo fẹ́ so. Ó pariwo pé ó wọlé.

Azeemah tọ́ka sílẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó sunkún. Nígbà tí kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ó la rákẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ títí tó fi di wẹ́wẹ́. Èrò ń hó lé e lórí pé kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Alága kíláàbù gbé ife lé mi lọ́wọ́, ó ní kí àwọn ọmọdé wá wo èrè sùúrù. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ fún àwọn onífọ́tò.

Ọjọ́ Ajé, 15

Wọ́n ti dá Azeemah dúró. Oṣù mẹ́fà. Ẹgbẹ́ pè mí: wọ́n fẹ́ kí n kọ́ ọmọ náà béèyàn ṣe ń kó ara rẹ̀ níjàánu, torí ta ló tún mọ̀ ọ́n báyìí bíi tèmi. Ọ̀gá Yìnyín ní ẹ̀yẹ ńlá ni. Mo ní ó dára.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16

Mo fẹ́ pe ẹgbẹ́ kí n sọ òtítọ́. Mo tẹ nọ́ńbà wọn, mo pa á kó tó dún. Bí Èkó yìí bá bọ́ lọ́wọ́ mi, ta ló máa tún fún mi láyè?

Ọjọ́rú, 17

Azeemah wá. Ojú rẹ̀ ṣì wú. Mo kọ́ ọ ní gbogbo nǹkan tí wọ́n kọ́ mi, ó ń mi orí. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó ní òun fẹ́ béèrè nǹkan kan, kí n má bínú.

"Àǹtí, lójú tèmi, bọ́ọ̀lù yẹn jáde. Gbogbo wọn ní ojú mi ló ṣì mí. Bí ẹ̀yin bá sọ pé ó wọlé, màá gbà, màá sì gbé e kúrò lọ́kàn."

Mo ní, "Ó wọlé."

Ó gbà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní òun ò mọ̀ pé ojú ẹni lè tan ẹni jẹ tó bẹ́ẹ̀, ó sì bú ara rẹ̀ pé òun fi ìwà ìbàjẹ́ já àwọn òbí òun kulẹ̀. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ojú ń tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Kò hàn lójú mi rárá.