Fọ́ọ̀mù Tí O Ní Kí N Buwọ́ Lù

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le? Ṣé àwọn aláìsàn tí ò ń tọ́jú ń gbádùn? Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́. Orí rẹ á máa gbè ọ́, o ò ní ṣìnà.

Fọ́ọ̀mù ìrìn àjò tó o fi rán awakọ̀ ti dé ọwọ́ mi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló bá mi kà á, ó ní wọ́n ń béèrè ìdí tí mo fi fẹ́ kúrò lórílẹ̀-èdè mi. Ẹnu yà mí. Mo gba kálámù, mo kọ ọ́ pé mi ò lọ síbì kankan, òrùlé mi ń jò, àga méjì sì wà nílẹ̀ tí mi ò tíì kàn tán. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí, ó ní ìwọ ni wọ́n ń bi. Nísàlẹ̀, wọ́n ní aláṣẹ nìkan ni kó kọ nǹkan síbẹ̀. Ta tún ni aláṣẹ ilé yìí? Mo kí wọn dáadáa níbẹ̀, mo béèrè ará ilé wọn, mo sì bá wọn wí pé kí ló dé tí wọ́n ní o ò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò.

Ká sòótọ́, inú ń bí mi tẹ́lẹ̀. Mo rò pé ojúkòkòrò ló ń lé ẹ̀yin ọ̀dọ́ lọ sókè òkun. Mo sọ ọ́ fún wẹ́dà tí ọmọ tiẹ̀ lọ lọ́dún tó kọjá, ó ní òun náà rò bẹ́ẹ̀, àfìgbà tí ọmọ náà sọ fún òun pé ọdún mẹ́rin lòun fi ń ta káàdì ìpè lábẹ́ agbòjò, tí ìwé ẹ̀rí òun wà nínú àpótí. Ìgbà yẹn ni mo rántí ọjọ́ tí mo wá kí ọ níbi iṣẹ́. Ọ̀sán gangan ni, iná lọ, yàrá yín ò ní fèrèsé, o fi eyín di fóònù mú kó máa tànmọ́lẹ̀, o sì ń rán ọgbẹ́ ẹsẹ̀ ọkùnrin kan. Àwọn aláìsàn tó kù fara ti ògiri bí pákó. Nígbà tó o ṣe tán, omi inú ike tó o gbé láti ilé lo fi fọwọ́. Káfíńtà ni mí, mo mọ ohun tójú ẹni tó mọṣẹ́ tí kò rí ìṣó ń rí.

Mo wá fa ìlà sórí ohun tí mo kọ, mo kọ ọ́ pé ọmọ mi ò sá fún iṣẹ́, irinṣẹ́ ló ń wá lọ. Mo buwọ́ lù ú. Ìbuwọ́lù náà wọ́ díẹ̀, mo di ẹ̀bi ru tábìlì tíṣà, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo kàn án.

Jọ̀ọ́, bówó bá wà, fi owó ọkọ̀ èèyàn méjì ránṣẹ́, ká lè fojú kàn ọ́ kó o tó lọ. Awakọ̀ ni kó o fi rán, má fi sí báǹkì. Ẹ̀rọ tó ń pọ owó bi mí ní nọ́ńbà àṣírí mi lọ́jọ́sí, mo sọ ọ́ sókè ketekete, kò dáhùn, àwọn tó tò sẹ́yìn mi nìkan ló gbọ́.

Ibi tó o bá tẹsẹ̀ sí, ilẹ̀ ibẹ̀ á gbà ọ́, wàá rẹ́ni tó máa fẹ́ràn rẹ níbẹ̀. Ìyá rẹ jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ó ní kí n má kọ ọ́ pé òun ń sunkún, mi ò sì kọ ọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ