Wíwá Orúkọ Bàbá Wa ní Kóòtù Káúńtì

Òpópónà Willow,
Marden's Ferry,
Káúńtì Pellam,
Iowa.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Ọ̀wàrà, 2009.

Àbúrò mi Nels, ọmọ ìyá mi tòótọ́,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó wa Ramona ńkọ́? Ọmọ inú rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń ta pọ́ún pọ́ún bí ẹja inú àwọ̀n yín? Òtútù Alaska yẹn ńkọ́, ṣé kò tíì gé ọ létí? Ẹ kú iṣẹ́ ojú omi o. Ní tiwa níbí, a dúpẹ́. Orúnkún Màmá ṣì máa ń dùn wọ́n bí òjò bá fẹ́ rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹun dáadáa, wọ́n sì ń bá àwọn tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n jà lójoojúmọ́. Ìkórè àgbàdo ti wọlé. Eruku rẹ̀ ń fò lórí ìlú láti àárọ̀, oòrùn á wá pọ́n, gbogbo nǹkan á sì rí bí ẹni pé inú ìgò oyin la ti ń wò ó. O kúkú mọ bó ṣe máa ń rí.

Mo rí iṣẹ́ tí o rán mi. O ní kí Ramona tó bímọ, o fẹ́ mọ ohun tí bàbá wa ṣe gan-an tí wọ́n fi jù wọ́n sẹ́wọ̀n, torí o kò fẹ́ gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́ kí o tún máa ronú irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀. Mo ti fura tipẹ́ pé ohun tó lé ọ jìnnà sílé nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ọmọ Kessler pè ọ́ ní ọmọ ẹlẹ́wọ̀n ní pápá ilé ìwé, o kò lù ú. Ńṣe ni o ń wo ọwọ́ ara rẹ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo tọrọ ààyè níbi iṣẹ́, mo gba kóòtù lọ. Ìkùukùu ti gun òkè wá láti ojú odò, ó bo ìsàlẹ̀ ilé náà, tó fi jẹ́ pé òrùlé rẹ̀ nìkan ló léfòó bí ọkọ̀ ojú omi tí kò ní atukọ̀. Bí mo ṣe wọlé, Jolene Pruitt ni mo bá nídìí káńtà, Jolene tó bá mi jókòó ní kíláàsì, tí kì í dákẹ́. Ó ń jẹ ṣíngọ́ọ̀mù.

"Lavonne Tollefson! Ta lo fẹ́ fẹ́? Gbogbo obìnrin tó ń wá síbí, àfẹ́sọ́nà wọn ni wọ́n ń yẹ̀ wò."

"Ọkùnrin wo ló kù nílùú yìí tí a ò mọ ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀? Bàbá mi ni mo wá wò."

Ṣíngọ́ọ̀mù náà dúró lẹ́nu rẹ̀. Ó wá rọra sọ fún mi pé kò sí nǹkan àṣírí níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lẹ́tọ̀ọ́ láti wo àkọsílẹ̀ ẹjọ́ ọ̀daràn, wọn kì í sì í béèrè ìdí, àfi ẹjọ́ ọmọdé àti èyí tí adájọ́ bá ní kí wọ́n tì pa. Ó mú mi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó wà fún ará ìlú. Ó ní orúkọ ìdílé ni kí n kọ́kọ́ tẹ̀, lẹ́yìn náà orúkọ àbísọ, kí n sì fi ọjọ́ ìbí sí i, torí ẹni méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà.

Mo tẹ Tollefson, mo tẹ Harlan. Ẹ̀rọ náà ń ronú. Ó gbé Ruben jáde, tí a kàn jọ ń jẹ́ Tollefson láìjẹ́ ìbátan: ó pẹja láìgba ìwé àṣẹ. Ruben tó ń gbé igbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì! Harlan kò sí.

Jolene ní ẹjọ́ tó ti pẹ́ kì í sí lórí kọ̀ǹpútà, pé inú àwọn ìwé ńláńlá tó wà ní yàrá abẹ́lẹ̀ ló máa ń wà. A sọ̀kalẹ̀. Ibẹ̀ ń rùn bí òkúta tó tutù. Mo ń ka orúkọ lọ: ẹni tó jí ẹlẹ́dẹ̀, ẹni tó jà níbi ijó, ẹni tó ti iná bọ koríko ọmọlàkejì rẹ̀. Ó ń ṣe mí bí ìgbà tí oorun ń gbé èèyàn lọ, tí ó ń gbọ́ ohùn àwọn àgbà nínú yàrá kejì, tí kò sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. A wò ó bí akọ̀wé bá ṣì í kọ, a ò rí i. Káúńtì kọ̀ọ̀kan ló ń tọ́jú tirẹ̀, nítorí náà Jolene tún tẹ káúńtì tí a ti kó wá láago, ó tẹ iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ọgbà ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ láago. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, kò lè wojú mi.

"Lavonne, ọkùnrin yìí ò jí abẹ́rẹ́ rí. Wọn ò tiẹ̀ mú un rí pé ó wa mọ́tò kọjá iná pupa. Ṣebí ó yẹ kínú ẹ dùn?"

"Inú mi dùn," ni mo wí. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn yàrá abẹ́lẹ̀ yẹn, mo sunkún bí ọmọdé. Àbí kò yé ọ, Nels? Bí kò bá sẹ́ni tó tì í mọ́lé, a jẹ́ pé kò sí ìlẹ̀kùn kankan láàárín àwa àti òun.

Mo bá Màmá lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń bó ápù.

"Màmá, kóòtù ni mo ti ń bọ̀."

"Kóòtù kẹ̀? Ta lo lù?"

"Orúkọ Bàbá ni mo lọ wá."

Ọ̀bẹ wọn dúró. Èèpo ápù náà ń mì lábẹ́ rẹ̀. "O ò rí i," ni wọ́n wí. "O ò lè rí i. Ta ló fẹ́ mú ẹni tí kò ṣe nǹkan kan?"

Wọ́n wá sọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin náà mu kọfí rẹ̀ tán, ó ní ayé inú ilé yẹn kò wu òun mọ́, ó mú ẹ̀wù rẹ̀ tó mọ́, ó lọ. Ọmọ ìrákòrò ni ọ́. Màmá kó wa wá sí ìlú yìí, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ wá. Wọ́n ní èmi kò jẹun, ojú fèrèsé ni mò ń dúró sí.

"Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, o bi mí pé, 'Kí ni mo ṣe fún wọn?' Ọmọ tí ò tíì pààrọ̀ eyín! Mo wòta, mo rí ọgbà ẹ̀wọ̀n yẹn lórí òkè níbi tí odò ti yà, iná rẹ̀ ń tàn. Mo ní, 'Bàbá yín ń bẹ lọ́hùn-ún. Wọ́n fẹ́ wálé, ìlẹ̀kùn ni ò jẹ́.' Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn lo jẹun."

Ṣé o rántí àwọn ọjọ́ Àìkú wa? Bóyá o kéré jù. Màmá á fi mọ́tò búlúù wa gbé wa lọ sétí odò, àwa méjèèjì á máa juwọ́ sí àwọn fèrèsé kéékèèké orí òkè. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹnìkan á fi aṣọ funfun juwọ́ padà sí wa, aṣọ náà á máa fẹ́ lẹ́lẹ́ láàárín irin.

"Ta wá ni ẹni aláṣọ funfun?" ni mo bi wọ́n.

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rù bà mí, díẹ̀ ló kù kí n wa mọ́tò wọdò." Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ irun mi lọ́jọ́ Sátidé, nítorí ẹni náà."

Kí n má purọ́ fún ọ, mo bínú. Mo ní, "Ẹ ti jẹ́ kí Nels dàgbà sínú èrò pé ẹ̀jẹ̀ ọ̀daràn ń bẹ lára òun! Ó sá títí dé ibi tí yìnyín ti ń hù!"

Màmá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Mi ò mọ̀. Mo rò pé ẹni tó wù ú kó wálé tí ò lè wá, ó sàn ju ẹni tó lè wá tí ò wù ú. Irọ́ rin ogún ọdún, ẹ wá fi ọjọ́ kan bá a."

A jọ bó ápù náà tán.

Àmọ́ o, lánàá ni wọ́n ní kí n bá wọn ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú. Màmá tí kò kọjá Des Moines rí! Wọ́n ní kí n má kọ ọ̀rọ̀ yìí sí ọ, àwọn fẹ́ fẹnu ara wọn sọ ọ́ kí ọmọ tó dé. Mo kọ ọ́ ṣáá, kí o lè bínú tán kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Mi ò ní wá ọkùnrin náà síwájú sí i. Bí ìwọ bá fẹ́ wá a, ẹ̀tọ́ rẹ ni.

Bá mi kí Ramona àti àwọn tí ẹ jọ ń wakọ̀. Jolene náà kí ọ, ó ní o ṣì jẹ òun ní ijó kan. Lọ́jọ́ tí Màmá bá ń bọ̀, jọ̀wọ́ tètè dé pápákọ̀ òfurufú. Má jẹ́ kí wọ́n dúró. Wọ́n ti dúró de èèyàn tó láyé yìí.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò gbàgbé rẹ,
Lavonne.