Géèmù Ò Kọ́ Mi Bí Wọ́n Ṣe Ń Dìde Lórí Eékún

Olóòtú wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ láti Ogida. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí ìyá ọkọ mi náà ń gbọ́ yín lórí rédíò.

Àìsàn rọpárọsẹ̀ ló dá mi dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí mo tún ń rìn, ẹ̀gbọ́n mi fi géèmù kan ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Èèyàn á dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n, á máa ju ẹ̀ṣẹ́ sí ẹni inú rẹ̀. Agbára sì ń padà sí mi lára lóòótọ́.

Nídìí géèmù náà ni ìyá ọkọ mi bá mi nígbà tí wọ́n ti Iléṣà dé. Mo kí wọn lórí ìdúró. Wọ́n ní, "O lè bá tẹlifíṣọ̀n jà, o ò lè kúnlẹ̀ kí mi?"

Mo lè kúnlẹ̀. Dídìde ni mi ò lè dá ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ mi ti lọ síbi iṣẹ́, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n dáhùn, wọ́n lọ wẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, orí eékún náà ni wọ́n bá mi.

"Ó tó," ni wọ́n wí, wọ́n fà mí dìde. "Mo ti dárí jì ọ́."

Látọjọ́ náà, àwọn gan-an ló ń bá mi tan géèmù. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n sọ fún wọn pé n ò bẹ̀bẹ̀?