Ìwé Ìpolówó Tó Bá Ọkọ̀ Lọ

Ọmọ mi Ah-Lam,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun? Bí o bá ń jẹun, kí Tin Hau, òrìṣà òkun tó ń ṣọ́ àwa apẹja, jẹ́ kí oúnjẹ náà máa bá ọ lára mu. Bí o ò bá jẹun, màmá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé òun ń bọ̀. Ara wa le, àfi èmi tí n ò lè jókòó láti àárọ̀. Mo kọ ìlà kan, mo dìde lọ wo òkun, mo tún padà wá jókòó, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá rí wúruwùru, má bínú.

Edé pọ̀ lọ́dún yìí. A ti lọ̀ ọ́ mọ́ iyọ̀, a ti sá a, gbogbo àdúgbò ń rùn dáadáa. Fọ́tò tí o fi wọ aṣọ dúdú àti wíìgì irun ẹṣin, màmá rẹ ti fi han gbogbo èèyàn, títí kan ẹni tó wá ka mítà iná. Ṣùgbọ́n nínú èyí tí o kẹ́yìn sí wa, mo rí àpò kékeré kan tí wọ́n rán mọ́ aṣọ dúdú náà lẹ́yìn èjìká rẹ. Ta ní í gbé àpò sẹ́yìn nínú ọkọ̀ ojú irin tó kún fún gbéwiri? Jọ̀ọ́, rán an pa.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dìde nìyí. O sọ fún màmá rẹ pé oṣù mẹ́ta tí o ti wà lọ́dọ̀ àwọn àgbà lọ́yà yẹn, ẹjọ́ kan ṣoṣo ló kàn ọ́, pé ńṣe lo kàn ń jókòó. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Mo rò ó pé bí mo bá gbé edé mi pamọ́ sínú ilé, ta ni yóò rà á? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kọ ìwé ìpolówó méjìlélógún, mo lẹ̀ wọ́n káàkiri, pé ọmọ Fan elédé ti di lọ́yà, pé ẹjọ́ ilẹ̀ ni o, ẹjọ́ ìjà ni o, ẹni tó bá gbé ẹjọ́ wá yóò gba ìgò edé kan lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo kọ́kọ́ pe nọ́ńbà ọ́fíìsì yín tí mo kọ sí i láti dán an wò. Akọ̀wé yín bi mí pé láti ilé-iṣẹ́ wo. Mo ní ilé-iṣẹ́ edé Fan. Ó ní òun ò mọ ilé-iṣẹ́ lọ́yà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní kò burú, màá fi ìgò méjì ránṣẹ́ kó lè mọ̀ ọ́n.

Ọmọ mi, èèyàn wá! Opó Kwan, tí àkùkọ aládùúgbò rẹ̀ ò jẹ́ kó gbádùn, ní òun máa wá bá ọ lọ́la. Àfi bí Tíṣà Mok tó kọ́ ọ níwèé ṣe wọlé láàárọ̀ yìí, tó ń bi mí bóyá ńṣe ni mo fẹ́ ba ayé ọmọ jẹ́. Ó ní lọ́yà oníwíìgì kì í pe oníbàárà, pé lọ́yà inú ọ́fíìsì ló ń mú ẹlẹ́jọ́ wá bá a, pé ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà yín lè pè ọ́ wá jẹ́jọ́, kí wọ́n sì gba ìwé àṣẹ rẹ. Mo bi í pé ta ló ń tajà láì polówó. Ó ní ọmọ mi kì í ṣe edé.

Ẹ̀rù bà mí, Ah-Lam. Mo gbé ọ̀bẹ tí a fi ń ha ìpẹ́ ẹja, màmá rẹ gbé omi gbígbóná, ó ń bú mi bọ̀ lẹ́yìn pé òun sọ fún mi kí n kọ́kọ́ bi ọmọ léèrè. A ṣí mọ́kànlélógún kúrò. Opó Kwan gbà láti má wá, ṣùgbọ́n ó gba ìgò edé rẹ̀. Ìkejìlélógún, inú ọkọ̀ ojú omi ni mo lẹ̀ ẹ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọkọ̀ náà sì ti gbéra lọ sí Central, láàárín ìgboro lọ́hùn-ún. Ọjọ́ Àìkú lòní, ọjọ́ tí àwọn lọ́yà ńláńlá máa ń wọ̀ ọ́ wá jẹ ẹja níbí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti lọ sí èbúté bóyá ó ti padà dé.

Owó òrùlé tí mo fẹ́ béèrè, fi sílẹ̀ ná, a ó máa gbé abọ́ sábẹ́ ibi tó ń jò. Bí wọ́n bá pè ọ́, má gbèjà mi. Sọ pé o ò mọ Fan elédé kankan, pé orúkọ náà pọ̀ ní erékùṣù yìí. Inú mi ò ní bàjẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi wa ọkọ̀ apẹja kí o tó wọ aṣọ yẹn, wọn ò gbọdọ̀ tìtorí mi bọ́ ọ lọ́rùn rẹ. Tí ọ̀rọ̀ bá ti rọlẹ̀, kọ ìlà kan péré sí màmá rẹ, èmi náà á gbọ́.

Òkun ò ní gbé ọ, ẹnu àgbà ò ní borí tìrẹ, ibi tí o bá dúró sí, wọn á gbọ́ ohùn rẹ. Màmá rẹ ní kí o máa wọ súwẹ́tà.

Èmi ni,
ẹnì kan tó ń ta edé ní Cheung Chau.